Ìgò Kẹsàn-án

Nígbà tí Nàfísátù di ẹrù rẹ̀ ní ọjọ́ kẹjọ tí wọ́n sin ọmọ rẹ̀, adìyẹ ló bá jà, kò bá èèyàn kankan jà. Ó dúró níwájú ilé adìyẹ ìyá ọkọ rẹ̀, lójú gbogbo agbo ilé, ó ní àwọn nǹkan tó ń yàgbẹ́ olómi nínú ibẹ̀ ló pa Fàtáì òun, àti pé ọjọ́ tí adìyẹ ìkẹyìn bá jáde nínú ọgbà náà ni òun yóò tó ti Kuta, ìlú bàbá òun, padà wá sí Ìwó. Lẹ́yìn náà ó gbé àpótí rẹ̀ karí, pẹ̀lú oyún oṣù mẹ́rin níkùn, ó sì lọ.

Ràhámọ̀tù, ìyá ọkọ rẹ̀, wà nínú yàrá, ó ń gbọ́ gbogbo rẹ̀. Kò jáde. Kí ni ì bá jáde wá sọ? Ohun tí ìyàwó ilé rẹ̀ ń pariwo ní gbangba, òun náà ti ń sọ ọ́ sí ara rẹ̀ ní kọ́rọ̀ láti ọjọ́ tí ọmọ náà ti kú. Mùrí, ọmọ rẹ̀ ọkùnrin tó jẹ́ bàbá Fàtáì, ní àmúwá Ọlọ́run ni. Àwọn ààfáà tó wá kí wọn náà sọ bẹ́ẹ̀. Ràhámọ̀tù gbà pé àmúwá Ọlọ́run ni lóòótọ́, àmọ́ Ọlọ́run a máa rán nǹkan níṣẹ́, ohun tó sì ń jẹ ẹ́ lọ́kàn ni bóyá adìyẹ òun ni Ó rán.

Ọdún 1986 ni, nígbà ọyẹ́. Ràhámọ̀tù ti fi aṣọ títà sílẹ̀ láti bí ọdún mẹ́ta, ó ti kó owó ọjà rẹ̀ lé adìyẹ àgíríìkì, wọ́n sì ti di irinwó. Ó kọ́ ilé gígùn kan fún wọn lẹ́yìnkùlé, ó fi wáyà yí i ká, ó da ìyẹ̀fun igi láti sọ́míìlì sílẹ̀ nínú rẹ̀. Inú ibẹ̀ ni Fàtáì ti kọ́ ìrìn. Ọmọ ọdún kan àti oṣù mẹ́ta ni, àmọ́ bí ó bá ti rí ilẹ̀kùn wáyà ní ṣíṣí, ó ti wọlé nìyẹn. Yóò máa rìn tàgétàgé lọ sídìí abọ́ omi tó wà ní ìpẹ̀kun ilé náà, àwọn òròmọdìyẹ yóò sì máa là fún un sọ́tùn-ún sósì. Ìyá àgbà rẹ̀ a máa rẹ́rìn-ín, a ní kí gbogbo adìyẹ yàgò, Kábíyèsí ń kọjá.

Nínú ọyẹ́ yẹn ni ìgbẹ́ gbuuru mú àwọn òròmọdìyẹ. Ìgbẹ́ wọn di omi, ìyẹ́ ìdí wọn ń lẹ̀ pọ̀, wọ́n ń jẹun wọn ò sì dàgbà. Àsìkò yẹn náà ni Oyèlẹ́yẹ ń wá sí àgbègbè náà. Dókítà ẹran ni, láti yunifásítì ní Ìbàdàn, kòkòrò kan tó ń gbé inú ìfun adìyẹ ló sì ń wá kiri, èyí tó kéré débi pé ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wo kòkòrò yòókù kò lè rí i. Fáírọ́ọ̀sì ni ó ń pè é. Ó ń ti Olúpọ̀nnà bọ́ sí Kuta, ó ń ti Kuta bọ́ sí Ìwó, ó ń bẹ àwọn tó ń sin adìyẹ pé kí wọ́n jọ̀wọ́ fún òun ní ìgbẹ́. Wọ́n fi í ṣe yẹ̀yẹ́ títí ó fi sú wọn. Wọ́n ní ọmọ tí òbí ta ilẹ̀ kó lè kàwé, tó so táì mọ́rùn, tó wá ń bẹ̀rẹ̀ mọ́ ìdí adìyẹ, ó dájú pé ìwé náà ti pọ̀ jù.

Ìfun gan-an ló wù ú jù, ọwọ́ rẹ̀ kò sì tẹ̀ ẹ́ rárá. Nílé Mùsùlùmí, bí adìyẹ bá ti ń sorí kọ́, ọ̀bẹ ni wọ́n ń sáré mú, kó má baà di òkúǹbete tí kò ṣeé jẹ. Kí dókítà tó gbọ́, ẹran ti wọ ìkòkò, ajá ti jẹ ìfun. Ìdí nìyẹn tó fi kó ìgò kékeré mẹ́wàá fún Ràhámọ̀tù ní ọjọ́rú kan, pẹ̀lú kúlà tí yìnyín kún inú rẹ̀. Pílásítà wà lára ìgò kọ̀ọ̀kan, nọ́ńbà wà lára pílásítà. Ó ní ìgbẹ́ òròmọdìyẹ kan ṣoṣo ni kó wọ inú ìgò kan, òun yóò padà wá kó wọn ní ọjọ́ Ẹtì.

Ní Ọjọ́bọ̀ ni àìsàn Fàtáì bẹ̀rẹ̀. Ó kọ́kọ́ bì, lẹ́yìn náà ó yàgbẹ́, omi lásán, aláwọ̀ ìyeyè. Ràhámọ̀tù ló gba aṣọ rẹ̀ láti fọ̀. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ ìgbẹ́ sínú ìgò kẹjọ tán ni, nígbà tó sì tú aṣọ ọmọ náà wò, ó tún gbé ìgò náà wò. Lójú tirẹ̀, ohun tó wà nínú aṣọ àti ohun tó wà nínú ìgò, ọ̀kan náà ni. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì. Ó mú ìgò kẹsàn-án, ó fi ìgbẹ́ ọmọ náà sínú rẹ̀, ó dé e, ó sì tì í bọ àárín yìnyín. Ó fẹ́ kí ẹ̀rọ Ìbàdàn sọ òótọ́ fún òun. Àmọ́ kò lè bi dókítà léèrè lójúkojú, nítorí bí dókítà bá gbọ́, gbogbo ìlú ti gbọ́ nìyẹn, Nàfísátù náà á sì gbọ́.

Oyèlẹ́yẹ wá kó ìgò mẹ́wẹ̀ẹ̀wá ní Ẹtì, ó dúpẹ́, ó lọ. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni wọ́n gbé Fàtáì wọ takisí lọ sí ọsibítù, pẹ̀lú ojú tó ti jìn wọnú àti awọ tó ti gbẹ. Ó kú ní àfẹ̀mọ́jú. Wọ́n ti sin ín kí oòrùn Sátidé tó mú.

Lẹ́yìn tí Nàfísátù ti lọ sí Kuta, Ràhámọ̀tù wọ ilé adìyẹ lọ́sàn-án ọjọ́ kan láti da oúnjẹ sílẹ̀. Oòrùn wà lókè, gbogbo nǹkan hàn kedere. Bó ṣe ṣílẹ̀kùn wáyà, àwọn òròmọdìyẹ là. Kì í ṣe pé wọ́n fọ́n ká bí ìgbà tí ejò bá wọlé. Wọ́n là pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ọ̀nà tóóró kan ṣí láàárín wọn láti ẹnu ilẹ̀kùn, ó yà díẹ̀ síhìn-ín, ó yà díẹ̀ sọ́hùn-ún, ó dúró ní ìdí abọ́ omi. Lẹ́yìn náà ọ̀nà náà pa dé. Kò sẹ́ni tó kọjá.

Ó mú igi, ó tú gbogbo ìyẹ̀fun igi náà wò bóyá eku ni. Kò rí nǹkankan. Lọ́jọ́ kejì, ọ̀nà náà tún là. Ẹ̀rù bà á, ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹ̀rù nìkan. Inú rẹ̀ dùn, ìyẹn ló sì burú jù. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀ díẹ̀ kí òun tó wọlé, òun náà a sì yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kí ohun tó ń kọjá lè ráyè kọjá.

Mùrí ní kó ta àwọn adìyẹ náà, kí ìyàwó òun lè padà wálé. Ọ̀rọ̀ gidi ni, ìyá rẹ̀ sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Àmọ́ bí ó bá tà wọ́n, níbo ni ọmọ náà yóò ti máa rìn? Èyí kì í ṣe ohun tí àgbàlagbà lè sọ jáde lẹ́nu. Ó ní kí Mùrí ní sùúrù, dókítà ń bọ̀ pẹ̀lú èsì, bí dókítà bá sọ pé adìyẹ ló pa ọmọ, òun fúnra òun ni yóò dú irinwó náà láàárọ̀ ọjọ́ kan.

Dókítà ò dé. Oògùn tó fẹ́ fi yẹ ìgbẹ́ inú ìgò wò, òkèèrè ni wọ́n ti ń kó o wá, ọdún náà sì jẹ́ ọdún tí ohun òkèèrè ò wọlé mọ́. Nígbà tí oògùn dé, iná mànàmáná ò sí. Òjò bẹ̀rẹ̀, ó rọ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dá. Nàfísátù bímọ ọkùnrin ní Kuta, wọ́n sì sọ ọ́ lórúkọ sí Kuta, ohun tí kò tọ́ rárá, kí wọ́n máa sọ ọmọ ọlọ́mọ lórúkọ nílé bàbá ìyá rẹ̀. Rájí ni wọ́n pè é. Ràhámọ̀tù lọ síbẹ̀, wọ́n fún un ní àga, wọ́n fún un ní oúnjẹ, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni ò gbé ọmọ náà fún un. Ó jókòó bí àlejò títí ó fi tó àkókò láti wọkọ̀ padà.

Ní oṣù Sẹ́tẹ́ńbà ni Oyèlẹ́yẹ dé, pẹ̀lú àwòrán kan nínú páálí. Ayọ̀ ọkùnrin náà pọ̀ débi pé ó gbàgbé láti kí i tán kó tó ṣí i. Ó ní ogún ìdílé tí kòkòrò náà jẹ, ohun tó ń mú kí ọmọ jọ bàbá, mọ́kànlá ló pín sí. Òun ti fi iná mànàmáná fà wọ́n gba inú nǹkan kan tó dì bí ẹ̀kọ. Àwọn tó kúrú sáré jìnnà, àwọn tó gùn falẹ̀ lẹ́yìn, nígbà tí òun sì fi omi fàdákà rẹ wọ́n, ilà mọ́kànlá yọ. Ó ní bí ilà ojú ni, bí èèyàn bá ti rí i, yóò mọ ìdílé tí olúwarẹ̀ ti wá.

Ràhámọ̀tù tẹjú mọ́ àwòrán náà. Ọ̀wọ́ ilà dúdú tó tín-ín-rín ni, ọ̀wọ́ kan fún ìgò kan. Mẹ́ta nínú ìgò mẹ́wàá ò ní nǹkankan. Mẹ́fà jọra: márùn-ún wà pọ̀ lókè, ọ̀kan dá dúró, mẹ́ta tẹ̀lé e, méjì wà nísàlẹ̀. Oyèlẹ́yẹ ní ilà adìyẹ nìyẹn, bẹ́ẹ̀ náà ni ó rí lára adìyẹ ìlú òyìnbó. Lẹ́yìn náà ó fi ìka lé ìgò kẹsàn-án. Mẹ́rin wà lókè, méjì tẹ̀lé e, lẹ́yìn náà mẹ́ta, lẹ́yìn náà méjì.

Ó ní, “Màmá, ilà èèyàn ló wà lójú adìyẹ yín yìí.”

Ó ní òun kò tíì gbọ́ irú rẹ̀ rí ní gbogbo àgbègbè yìí. Òun ti sọ fún ọ̀gá òun, ọ̀gá òun ti fẹ́rẹ̀ẹ́ jó. Wọn yóò kọ ọ́ sínú ìwé tí gbogbo ayé ń kà, pé adìyẹ lè gbé kòkòrò tó ń fún ọmọ èèyàn ní ìgbẹ́ gbuuru, wọn yóò sì sọ fún ìjọba kí wọ́n kìlọ̀ fún àwọn tó ń sin adìyẹ sẹ́yìnkùlé. Ó wá bẹ̀ ẹ́ kó jọ̀wọ́ fi adìyẹ ìgò kẹsàn-án han òun, bí ó bá ṣì wà láàyè.

Ó yé Ràhámọ̀tù yékéyéké, ó yé e ju bí ó ṣe yé dókítà lọ. Ilà Fàtáì kò jọ ti adìyẹ. Adìyẹ òun kọ́ ló pa á. Oṣù mẹ́jọ ló ti ń tọrọ ọ̀rọ̀ yìí lọ́wọ́ Ọlọ́run, ó sì ti tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́ wàyí. Ẹnìkan ṣoṣo tó mọ̀ ni òun, irọ́ òun sì ti ń múra àtiwọ ìwé, níbi tí gbogbo ayé yóò ti máa fi ẹ̀sùn èké kan adìyẹ. Ojú tì í. Ó wolẹ̀, ó sì sọ ọ́.

“Dókítà, ẹ dárí jì mí. Ìgò kẹsàn-án kì í ṣe ti adìyẹ. Ti ọmọ ọmọ mi ni, èyí tó kú.”

Oyèlẹ́yẹ dojú garawa kan délẹ̀, ó jókòó lé e, ó rọra dá àwòrán náà padà sínú páálí. Ràhámọ̀tù rò pé yóò bínú, ì bá sì tọ́ kó bínú, nítorí òkìkí tó ti ń wọlé bọ̀ fún un ló wó lulẹ̀ níbẹ̀ yẹn. Kò bínú. Ó ní kí Ọlọ́run fọ̀run kẹ́ ọmọ náà. Ó ní ká ní Màmá ò sọ ni, òun ì bá parọ́ fún gbogbo ayé láìmọ̀.

Ràhámọ̀tù bi í pé, adìyẹ òun wá ńkọ́? Oyèlẹ́yẹ ní àwọn adìyẹ ní àìsàn tiwọn, ọmọ náà ní tirẹ̀, nínú ohun tí òun rí, tọ̀hún ò ti inú tibí wá. Irú èyí tó mú ọmọ náà, lára èèyàn ló sábà máa ń wá, láti ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn tí irú rẹ̀ ń ṣe.

Ẹkún gbọ̀n Ràhámọ̀tù, ẹ̀rín sì wà nínú rẹ̀. Ó gbá wáyà ilé adìyẹ náà mú, ó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, ó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ dókítà, ó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ adìyẹ pàápàá. Ì bá dára ká ní dókítà dìde lọ nígbà yẹn. Àmọ́ ẹni tó bá mọ iṣẹ́ rẹ̀ níṣẹ́ kì í fi ìwé sílẹ̀ láìkọ ọ́ tán. Ó mú bírò, ó fa ilà sórí ohun tó ti kọ tẹ́lẹ̀ nípa ìgò kẹsàn-án, ó sì béèrè, bí ẹni tó kàn ń béèrè lásán, bóyá ọmọ mìíràn yàgbẹ́ nínú agbo ilé lọ́sẹ̀ náà.

Ràhámọ̀tù ní bẹ́ẹ̀ ni. Adébísí ni, ọmọ Dúpẹ́, tíṣà tó ń gbé nínú yàrá ẹ̀yìn. Tirẹ̀ ṣáájú ti Fàtáì ní ọjọ́ méjì, àmọ́ Adébísí yè é. Dókítà bi í bóyá àwọn ọmọ méjèèjì jọ ń ṣeré. Ó ní rárá, Adébísí ò tíì rìn nígbà náà, ẹ̀yìn ìyá rẹ̀ ló máa ń wà. Dókítà ní níbo ni wọ́n wá ti ń pàdé.

Ó ní, “Èmi ni mò ń rọ àwọn méjèèjì ní ògì láràárọ̀. Adébísí ni mo máa ń kọ́kọ́ rọ, torí ìyá rẹ̀ máa ń tètè lọ síbi iṣẹ́. Bí mo bá ti ṣe tirẹ̀ tán, wọ́n á gbé Fàtáì fún mi.”

Ó gbọ́ ohùn ara rẹ̀ bó ṣe ń sọ ọ́. Gbogbo agbo ilé ló mọ̀ ọ́n sí ẹni tó ń rọ ọmọ. Ọmọ tó bá pa ẹnu dé mọ́ ìyá rẹ̀ lọ́wọ́, bí wọ́n bá ti gbé e lé itan Ràhámọ̀tù, tó ká àtẹ́lẹwọ́ sí i lẹ́nu bí ìgbákọ, tó da ògì sínú rẹ̀, ọmọ náà á mu ún. Ọwọ́ ọ̀tún ló fi ń rọ ọ́, ìka rẹ̀ a sì máa wọ ẹnu ọmọ. Láàárín ọmọ kan àti èkejì, ó máa ń nu ọwọ́ náà mọ́ ìró rẹ̀.

Bírò dókítà ti dúró. Ó ní a ò lè mọ̀ dájú o, nítorí òun ò ní ìgbẹ́ Adébísí nínú ìgò, omi lè jẹ́ ọ̀nà, nǹkan mìíràn náà lè jẹ́ ọ̀nà. Aláàánú ni. Ràhámọ̀tù dúpẹ́, ó fún un ní ẹyin mẹ́fà, ó sìn ín dé ọ̀dọ̀ ọkọ̀ rẹ̀.

Láti ọjọ́ náà, àwọn adìyẹ náà ò là mọ́. Ó ṣílẹ̀kùn sílẹ̀, ó yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó dúró títí ẹsẹ̀ fi ń ro ó, wọ́n kàn ń jẹun lọ ni. Ohun tó dé dípò rẹ̀ wà lára òun fúnra rẹ̀. Bó bá jókòó tí ọwọ́ rẹ̀ ò ṣe nǹkan, yóò kàn ṣàdédé mọ̀ ọ́n lára ní àárín àtẹ́lẹwọ́ ọ̀tún: ẹnu kékeré kan, tútù, tó ń fà á. Ó máa ń fọ ọwọ́ náà títí awọ rẹ̀ fi bó, ẹnu náà kò sì kúrò. Dúpẹ́ gbé ọmọ wá fún un kó rọ ọ́, àmọ́ Ràhámọ̀tù ní ọwọ́ ń dun òun.

Mùrí ti gbé ìhìn dé Kuta. Lójú tirẹ̀ ọ̀rọ̀ ti parí: ilé ìwé gíga ti dá àwọn adìyẹ láre, ohun tí ìyàwó fi sá kúrò nílé kò sí mọ́. Bàbá Nàfísátù náà sọ bẹ́ẹ̀, ó sì ní kí ọmọ òun lọ bẹ ìyá ọkọ rẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, Nàfísátù dé pẹ̀lú àpótí rẹ̀ àti Rájí lẹ́yìn rẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì tó dé, ó wọ yàrá Ràhámọ̀tù, ó kúnlẹ̀. Ó bẹ̀bẹ̀ fún gbogbo ohun tó sọ nípa àwọn adìyẹ náà. Lẹ́yìn náà ó gbé abọ́ ògì kalẹ̀, ó sì gbé ọmọ náà lé ìyá ọkọ rẹ̀ lórí itan, bí ó ti yẹ kí aya ilé ṣe. Oṣù mẹ́ta ni Rájí, ó sì jọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ débi pé Ràhámọ̀tù ní láti wo ibòmíràn. Ìgbà tó wo ibòmíràn yẹn ló rí i pé Nàfísátù ti gbé ọmọ sílẹ̀ tán, àmọ́ kò tíì fi etí aṣọ ọmọ náà sílẹ̀. Ó dì í mú ṣinṣin.

Ràhámọ̀tù ní, “Nàfísátù, mi ò ní rọ ọ́. Ọwọ́ mi yìí ló pa Fàtáì. Adébísí ni mo rọ tán tí mo fi rọ ọ́.”

Nàfísátù ò pariwo. Kò tilẹ̀ gbójú sókè.

“Ìyá, mo mọ̀. Mo dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn láàárọ̀ ọjọ́ náà. Mo rí i tí ẹ nu ọwọ́ mọ́ ìró, mo sì mọ̀ pé Adébísí ń yàgbẹ́. Ẹ ní kí n gbé Fàtáì wá, mo sì gbé e fún yín.”

“Kí ló dé tí o ò sọ̀rọ̀?”

“Ṣé kí n sọ fún ìyá ọkọ mi pé kí wọ́n lọ fọwọ́? Adìyẹ nìkan ni mo rí bá wí.”

Ebi ti bẹ̀rẹ̀ sí í pa ọmọ náà, ó ń ju orí síhìn-ín sọ́hùn-ún lórí itan Ràhámọ̀tù, ó ń wá ohun tí yóò fi ẹnu mú. Lẹ́yìn náà ó figbe ta. Àwọn obìnrin méjèèjì jókòó tì í bẹ́ẹ̀, kò sì sí èyí tó na ọwọ́ sí ògì náà títí ó fi tutù.